Ọwọ́ Màmá Léjìká Mi

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. N kò fẹ́ kí a kà mí mọ́ ọlọ́ṣà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ọpẹ́ tó wà nínú mi má baà há mi lọ́fun.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ṣòro ṣàlàyé. Gbígbàgbọ́ pé iṣẹ́ ni ló ṣòro. Okùn ni mo fi ń ṣeré fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Màá so ẹnu okùn kan pọ̀, màá fi há àwọn ìka mi, màá fà á, màá gbé e kọjá, màá jù ú sílẹ̀, títí tí yóò fi di àtẹ̀gùn, tàbí ìràwọ̀, tàbí ẹja tó ń yanu. Bí mo bá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kan, ó di òmíràn. Bí ẹni tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ bá béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, tí mo sì sọ fún un, á wo bàtà mi, á wo àpò mi, á ní, "Ìyẹn mà dáa o. Iṣẹ́ gan-an wá ńkọ́?"

N kì í bínú. Ọba tó dá ìka ọwọ́ tí kò jẹ́ kí wọ́n dọ́gba ló mọ ìdí tó fi fún mi ní tèmi.

Okùn aláwọ̀ oríṣiríṣi ló wà nínú àpò mi. Mo ká ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ páálí, kí wọ́n má baà bára wọn jà lójú ọ̀nà. Ọṣẹ wà níbẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ wà níbẹ̀, torí pé ọmọ kankan kì í fọwọ́ kan okùn mi láìfọ ọwọ́. Okùn tó bá ti mu òógùn, agídí ló máa ń ṣe. Bí gbogbo wọn bá fọwọ́ tán, tí wọ́n jókòó, màá gbé okùn sókè, màá kì í:

Okùn, ọmọ òwú,
Tín-ín-rín bí ẹni tí kò jẹun sùn,
Tó dá màlúù dúró lójú kan.
Kò lẹ́sẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn,
Kò lápá, ó gbá ẹrù mọ́ra.
Ẹni bá fà á tipátipá, a lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́,
Ẹni bá fi pẹ̀lẹ́ pè é, a dá a lóhùn, a ní "hẹ̀n."

Gbogbo kíláàsì á dáhùn pé, "Okùn, rọra, má lọ́ o." Ibẹ̀ leré ti ń bẹ̀rẹ̀.

Màmá mi ni mo jogún oríkì yẹn lọ́wọ́ wọn. Àwọ̀n tó ti ya ni wọ́n máa ń tún ṣe fún àwọn apẹja, okùn sì kún ilé wa bí eruku ṣe ń kún ilé ẹlòmíràn. Ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ wọn yẹn náà ni mo ti kàwé. Wọ́n á máa so àwọ̀n, èmi á máa kàwé sókè. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn dáwọ́ dúró, èmi náà á sì padà sẹ́yìn lọ tún un kà.

Bí iṣẹ́ bá dilẹ̀, eré kàn. Wọ́n á mú okùn tó ṣẹ́ kù, wọ́n á nawọ́, wọ́n á dì mí léjìká mú, wọ́n á yí mi bí ẹni yí ọmọrí ìkòkò, wọ́n á wá gbé mi lé ẹsẹ̀, kí ẹ̀yìn mi kan àyà wọn. Ọwọ́ wọn á gba ẹ̀gbẹ́ mi méjèèjì wá síwájú, tèmi á sì wà nínú tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ Ìtẹ́, àwòrán àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi mọ̀.

"A kì í kọ́ ọmọ lókùn lójúkojú," ni wọ́n máa ń wí. "Ojú á rí i, ọwọ́ á ṣì í. Ẹ̀yìn ni kó o ti gbà á, kí ọ̀tún rẹ mọ ọ̀tún mi, kí òsì rẹ mọ òsì mi."

Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń kọ́ni títí dòní. Màá kẹ̀yìn sí kíláàsì, màá na ọwọ́ sókè kọjá orí, àwọn ọmọ á sì máa ṣe é tẹ̀lé mi látẹ̀yìn.

Àwòrán kan wà tí Màmá fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Ẹyẹ Wálé lorúkọ rẹ̀. Àwọn àwòrán yòókù, bí wọ́n ṣe rí lọ́tùn-ún náà ni wọ́n rí lósì. Ẹyẹ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ wà lápá kan, ìrù rẹ̀ wà lápá kejì, bí a bá sì fa ìka kan pẹ́rẹ́, á fò láti àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́ sí èkejì, á wọ inú ìtẹ́ lọ. Wọ́n ṣe é fún mi wò ní kékeré, wọn ò kọ́ mi. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ," ni wọ́n sọ, wọ́n sì tú u ká.

Nígbà tí ọwọ́ mi wá tó pẹpẹ, orúnkún ti ń ro Màmá. Wọn ò lè gbé ẹnikẹ́ni lé ẹsẹ̀ mọ́, èmi náà sì ti di ìyálé ilé tí àga ń ké lábẹ́ rẹ̀. A fi tábìlì sáàárín, a kọjú síra wa. Wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ hàn mí, títí ó fi kan orí ẹyẹ.

"Ìparí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìparí Ìtẹ́," ni wọ́n wí, "ìyẹn sì rèé, o ti mọ̀ ọ́n kó o tó ká eyín. Máa fi ìbẹ̀rẹ̀ yìí kọ́ ọwọ́. Bó o bá tún wá, a ó jọ jẹ́ kó fò."

Kí n tó tún wá, àrùn rọpárọsẹ̀ ti wọlé. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún Màmá, ó gba ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Màmá wà látìgbà náà. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Máṣíìnì wà ní yàrá iwájú, ibùsùn Màmá wà ní yàrá tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn tó wà láàárín kì í sì í tì. Bí mo bá ti dé, màá fa àga sún mọ́ ibùsùn, màá kọjú sí Màmá, màá ṣe ìbẹ̀rẹ̀ Ẹyẹ Wálé bí wọ́n ṣe fi hàn mí gẹ́lẹ́, màá fi ìparí Ìtẹ́ kún un. Ó máa ń di kókó. Mo tún un ṣe títí, kókó náà ni. Màmá á máa wo ọwọ́ mi, wọ́n á máa mi orí. Wọ́n á wá na ọwọ́ òsì tó kù fún wọn, wọ́n á tì mí léjìká. Bí n kò bá kúrò lójú kan, wọ́n á tún tì mí pẹ̀lú gbogbo agbára tó ṣẹ́ kù, omi á sì máa bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ń pè yín lórúkọ, ẹ dúpẹ́. Okùn yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tó kù láàárín èmi àti ìyá mi, ó sì dà bíi pé kò yé mi.

Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi dá máṣíìnì dúró. Téèpù wà lọ́rùn wọn, abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè wọn. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n gún un mọ́ aṣọ.

"Ìwọ aláǹtakùn yìí, jókòó kí n bá ọ sọ̀rọ̀."

Mo jókòó.

"Bó o bá ti lọ báyìí, Màmá kì í jẹun mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣé o mọ̀?"

N kò mọ̀.

"Oúnjẹ á dé ẹnu, wọ́n á gbé ojú kúrò. Ẹ̀mí mi ò gbà á mọ́. Mo rò pé ńṣe ni wọ́n ń lé ọ. Bí ẹlòmíràn bá tì ọ́ léjìká báyẹn, ṣé wàá dúró?"

"Màmá ò lè lé mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Okùn náà ni wọ́n ń lé nígbà náà. Àbí kí ló fa ẹkún?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí lọ, wò mí bọ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan. Sátidé tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá tún sunkún, okùn ò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn mọ́. Ìwọ á máa wá o, kò sẹ́ni tó ní kó o má wá. Okùn ni kò ní wá. Ṣé a gbọ́ra?"

"A gbọ́ra."

N kò lè bá wọn jà. Ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn ló mọ ohun tí ibùsùn ń rí. Inú ọkọ̀ ni mo ti gbàdúrà, mo fi orí ti fèrèsé: Olúwa, Ìwọ tó ń tú ohun tó di, bá mi tú èyí. Bó bá sì jẹ́ pé lílé ni Màmá ń lé mi lóòótọ́, fún mi ní etí tí màá fi gbọ́ ọ.

Ọjọ́ tó ṣáájú Sátidé náà, ilé ẹ̀kọ́ kan ní kí n wá. Wọ́n ń tún òrùlé gbọ̀ngàn wọn ṣe, ni wọ́n bá kó mi sí kíláàsì tóóró kan tí tábìlì kún débi pé kò sáyè kí èèyàn yírapadà. Tíṣà wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ṣọ́ọ̀kì funfun wà ní gbogbo apá aṣọ rẹ̀. Ó bá mi to àwọn ọmọ sídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n fọwọ́, wọ́n nu ọwọ́, a ki okùn. Mo wá kẹ̀yìn sí wọn bí ìṣe mi.

Ohùn kan dìde ní ìlà iwájú. "Màmá Okùn, ẹ̀yìn yín nìkan là ń rí o."

"Ẹ̀yìn náà ni kẹ́ ẹ wò," ni mo wí. "Ọwọ́ mi wà lókè orí."

"Ìborí yín bo ọwọ́ náà. Ẹ̀yìn kì í kọ́ni, Màmá. Ojú ló ń kọ́ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà wo ọmọ náà, ó wò mí. "Ẹ má bínú, Màmá. Lọ́yà la máa ń pè é. Ó ti bá mi jiyàn láàárọ̀ yìí pé èmi ni mo pẹ́ dé, pé agogo kò yá."

"Ta ló wá jàre?"

"Agogo ni," ni Lọ́yà fúnra rẹ̀ dáhùn.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo jókòó sórí tábìlì, mo kọjú sí wọn. A ṣe ìràwọ̀, ó bọ́ sí i. A ṣe àtẹ̀gùn, ó bọ́ sí i, ọmọkùnrin kan sì fi gun imú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ni mo bá ní kí a ṣe Eku Sálọ, èyí tí eku máa ń bọ́ láti ìka dé ìka tí á fi bọ́ sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ wọn kàn ń fi okùn ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Lọ́yà ní tirẹ̀ ń tẹ̀ lé mi ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀, ó fi eyín di ètè mú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eku sá, mo ní, "Ó yá, ẹ jù ú sílẹ̀ lórí àtàǹpàkò ọ̀tún, kẹ́ ẹ fà."

Eku tèmi sá lọ. Tirẹ̀ di kókó.

"Okùn yìí ló burú," ni Lọ́yà wí.

"Okùn ò burú. Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Kókó. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, mo wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ohun tí mo rí wá yà mí lẹ́nu, torí ọmọ náà kò ṣì í rárá. Gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ṣe ni tirẹ̀ ṣe. Àmọ́ a kọjú síra wa: níbi tí mo ti lo ọ̀tún, òsì rẹ̀ ló kọjú sí i, ló bá lo òsì. Ìgbà tí mo wá fẹnu pe ọ̀tún, ó gbọ́ràn, ó jù ú sílẹ̀ lọ́tùn-ún. Ojú ló fi mú ìbẹ̀rẹ̀, etí ló fi mú ìparí. Ìbẹ̀rẹ̀ òsì pẹ̀lú ìparí ọ̀tún, kí ni ìbá ṣe tí kò ní di kókó?

Ọwọ́ mi ló lọ fúnra rẹ̀. Ó di ọmọ náà léjìká mú, ó sì ń tì í kó yí padà.

Lọ́yà kò yí. Ó wò mí. "Ṣé kí n máa lọ síta ni, Màmá? Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?"

"Rárá o, ọmọ mi," ni mo wí. "N kò lé ọ. Mo fẹ́ kó o súnmọ́ mi ni."

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo gbọ́ ọ. Ẹnu mi ò padé mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ tí mo fi ojú mú lórí tábìlì, lójúkojú. Ìparí Ìtẹ́ tí mo fi ẹ̀yìn gbà lórí ẹsẹ̀ ìyá mi. Ọwọ́ òsì Màmá tó ń tì mí léjìká, tó ń tì mí, tó ń tì mí, èmi tí mo sì jókòó pa bí òkúta lórí àga.

"Màmá, ṣé kò sí o?" Tíṣà ti dé ẹ̀gbẹ́ mi.

"Ayọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi mu."

Mo mu omi. Mo yí Lọ́yà padà, ẹ̀yìn rẹ̀ kan àyà mi, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ na ọwọ́ síwájú. Ọ̀tún sí ọ̀tún, òsì sí òsì. Eku sá lọ pẹ́ú. Ó tú u, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀, eku tún sá. Ó gbé ojú sókè wò mí láti abẹ́ àgbọ̀n mi.

"Màmá, ẹ̀yìn náà ń kọ́ni o."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ni Tíṣà wí fún kíláàsì. "Lọ́yà ti jẹ̀bi ẹjọ́ kan."

Lọ́jọ́ Sátidé, n kò fa àga. Mo kúnlẹ̀ kí Màmá, mo yọ okùn pupa jáde, èyí tí wọ́n gé fún mi fúnra wọn lára àwọ̀n, mo sì fi há ìka ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ká ọwọ́ gbéra, téèpù lọ́rùn. Màmá wo okùn, wọ́n wo ojú mi. Ọwọ́ òsì wọn jáde lábẹ́ aṣọ, ó bà lé èjìká mi, ó tì mí.

"Ṣé o rí i?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí jẹ́jẹ́. "Ṣé o rí i báyìí?"

"Mo ti rí i, ẹ̀gbọ́n mi."

N kò jà. Mo jẹ́ kí ọwọ́ yẹn gbé mi lọ síbi tó ń lọ. Ó yí mi bí ẹni yí ọmọrí ìkòkò, títí mo fi kẹ̀yìn sí ibùsùn, ó wá di aṣọ mi mú, ó ń fà mí bọ̀ sẹ́yìn. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi jókòó lórí àga, n kò jẹ́ kó yí mi rí.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí bí mo ṣe ń gun ibùsùn. "Wàá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ìwọ pẹ̀lú ìdí ńlá yẹn."

"Ẹ bá mi gbé ìrọ̀rí sí Màmá lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi gbé wọn jókòó."

Wọ́n kùn, àmọ́ wọ́n gbé e. Mo sún mọ́ Màmá títí ẹ̀yìn mi fi kan àyà wọn. Wọ́n ti fúyẹ́, Olúwa ṣeun, àmọ́ àyà kan náà ni. Mo gbọ́ èémí wọn létí mi. Ọwọ́ òsì wọn gba ẹ̀gbẹ́ mi wá síwájú, ó sì la ìka sílẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de òrùka. Mo fi apá kejì okùn há a.

Àwọn àgbà ní, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Wọn ò sọ pé ara ẹnì kan náà ni ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ti wá. Ọ̀tún tèmi gbé okùn, òsì ìyá mi gbà á. Níbi tí mo ti fẹ́ gba ọ̀nà tí mo ti fi kọ́ra, ìka wọn tẹ tèmi, mo dúró, wọ́n sì bá mi yí i gba òdìkejì. Orí ẹyẹ yọ. Ìrù yọ lápá tí n kò retí rẹ̀. A kan ìparí Ìtẹ́, èyí tí mo ti mọ̀ kí n tó ká eyín, ó wọ ibẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó ti mọ́ ọn lára.

Màmá fa ìka kan pẹ́rẹ́. Ẹyẹ náà fò kúrò lọ́wọ́ mi, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, ó wọlé.

"Hẹ̀n," ni Màmá wí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò sì tíì sí òmíràn títí dòní. Mo dúpẹ́ fún un bí ẹni tí wọ́n fún ní ìwé odindi. Omi wà lójú wọn. Mo yíjú wo ẹ̀gbọ́n mi, torí àdéhùn wa kò sọ irú ẹkún tí okùn ò fi ní wọlé mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ téèpù lọ́rùn, wọ́n ń fi nu ojú, bí ẹni pé téèpù lè gbẹ omi.

"Mo ní wọ́n ń tì í dànù," ni wọ́n ń dá sọ. "Èmi ni mo sọ pé wọ́n ń lé e." Wọ́n sún mọ́ ibùsùn. "Níbo lèmi máa wá jókòó sí?"

Mo na ọwọ́ mi, mo dì wọ́n léjìká mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn.

"Rọra o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Bó ti wù kó rí, mo ṣì jù ọ́ lọ." Àmọ́ wọ́n yí, wọ́n jókòó síwájú mi, ẹ̀yìn wọn kan àyà mi, ibùsùn sì ké. Látẹ̀yìn mi, ọwọ́ òsì Màmá ti tún ń wá okùn.